Ìkọ́ Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Tó Wà Lẹ́yìn Aṣọ Ustinya

17 Ṣẹ́rẹ́ 1977

Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lónìí, gbogbo ilé eré ti kà á: ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Igbe, Nonna Vikentyevna Zarubina yóò kọ ipa Ustinya nínú eré olórin wa fún ìgbà ìkẹyìn, yóò sì dágbére fún ìtàgé. Lẹ́yìn ìyẹn, kíláàsì ló kù, òun àti àwọn ọmọ tó ń kọ́ lórin. Ìdí nìyí tí mo fi ra ìwé yìí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń wọ aṣọ fún un. Bí mi ò bá kọ èyí sílẹ̀, ta ni yóò kọ ọ́? Ta ni yóò sì kà á? Ó dáa, ojú ewé kìíní nìyí, mo ti ń ṣe àwáwí.

Mo gbé aṣọ Ustinya jáde nínú àpótí. Ọdún mẹ́ta ni a kò ti ṣe eré náà, òórùn káfúrà tí mo fi ń lé kòkòrò aṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ọ̀gá mi yí ẹ̀yìn sí mi, mo ń di àwọn ìkọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìdí lọ sókè. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n. Nígbà tí mo dé ìkejìlá, aṣọ kò wá mọ́.

"Tú u ní ẹ̀gbẹ́, Kapa," ló wí, kò wẹ̀yìn. "Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́."

Ta ni n ó sọ fún?

Ọmọ kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo àsìkò yẹn, Tasya Lobova, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tuntun. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, abúlé àwọn agégi ló ti wá. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára aṣọ náà. Mi ò fẹ́ràn bó ṣe ń wò ó.

Òtútù mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lábẹ́ òdo. Fèrèsé yàrá aṣọ ti di yìnyín nínú lọ́hùn-ún.

20 Ṣẹ́rẹ́

Tasya jẹ́ kí ìwé orin ọ̀gá mi já bọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un nílẹ̀ bí ẹni mú búrẹ́dì.

Mo pariwo. "Jókòó lé e ná! Ṣé wọn kò kọ́ ẹ nílé ni? Ìwé ipa tó bá bọ́ sílẹ̀, à á kọ́kọ́ jókòó lé e ká tó gbé e, kí eré má baà ṣubú!"

"Àǹtí Kapa, ìwé mà ni. Kì í ṣe àga."

Ọ̀gá mi gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá a padà sílẹ̀, ó sì jókòó lé e fúnra rẹ̀, obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta tí orúnkún rẹ̀ ń ké. "Ó ti tó," ló wí. "Ó yá, ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n méjì, ẹ gbé mi dìde." A gbé e. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Èmi fi eyín nìkan rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bẹ̀rù kí ipa ṣubú, bóyá ohun tó ń fẹ́ náà nìyẹn.

3 Èrèlè

Ọsàn dé sí ṣọ́ọ̀bù igun. Wákàtí méjì lórí ìlà. Ó tán nígbà tó ku ẹni mẹ́ta kó kàn mí.

8 Èrèlè

Mo rí nǹkan kan lónìí tí kò jẹ́ kí n jẹun ọ̀sán.

Ìwé orin ọ̀gá mi ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì àtíkè. Pẹ́ńsùlù búlúù ló ń lò láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nínú ìpín kẹta, ibi tí Ustinya ti dúró láàrin àwọn igi funfun tó ń pe olólùfẹ́ rẹ̀ tó rì sómi, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsùlù pupa fa àgbélébùú kéékèèké márùn-ún. Márààrún wà lórí àwọn ohùn tó ga jù. Ọdún méjì ni mo fi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin kí wọ́n tó gbé mi sí yàrá aṣọ. Mo mọ ìwé orin kà tó ìyẹn.

Àgbélébùú, bí ti itẹ́ òkú. Pẹ́ńsùlù pupa sì ni Tasya fi ń di irun rẹ̀ sókè.

Wọ́n ní bí iná kò bá tán nínú aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. N ó máa ṣọ́ ọ.

15 Èrèlè

Ìdánrawò ìkọ̀kọ̀. Ọ̀gá mi ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé, àfi bàbá tó ń tẹ dùùrù fún un, ẹni tí kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù, mo ń ṣe bí ẹni ń lọ kọ́là.

Mo gbọ́ ìpín kẹta. Mo gbọ́ ohùn òkè yẹn. Ọlọ́run mi. Ó jáde láìsí wàhálà, ó dúró lókè, kò mì. Mi ò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ láti bí ọdún mẹ́wàá. Omijé mi bọ́ sórí kọ́là, mo ní láti tún un lọ̀.

Ìgbà tí wọ́n parí, mo yọjú. Ta ni mo rí tó ń jáde lẹ́yìn igi onípákó, ọ̀kan nínú àwọn igi funfun orí ìtàgé? Tasya. Eruku wà ní orúnkún rẹ̀, okùn aláǹtakùn sì wà lórí rẹ̀.

"Kí lo ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Bọ́tìnnì mi ló já bọ́, Àǹtí Kapa. Mo ń wá a."

Mo wo kádígàn rẹ̀. Ihò méje, bọ́tìnnì méje. Ènìyàn lè parọ́ ohun tó bá wù ú fún mi, ṣùgbọ́n kó má parọ́ bọ́tìnnì.

19 Èrèlè

Mo lọ bá Fenya lẹ́nu ọ̀nà àwọn òṣèré, níbi tó ti ń gba káàdì ìwọlé láti ìgbà ogun. Mo gbé ife tíì kan fún un, kí ahọ́n rẹ̀ lè rọ̀.

"Ọmọ Lobova yẹn, aago mélòó ló ń dé?"

"Mẹ́jọ. Ó máa ń ṣáájú ọ̀gá rẹ. Kí ló dé, o fẹ́ gbé e níyàwó?"

"Má fi mí ṣẹ̀fẹ̀, Màmá Fenya. Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ ń wá nílé eré láago mẹ́jọ?"

"Ó máa ń kọrin nísàlẹ̀, nítòsí ẹ̀rọ amúlégbóná. Orin Ustinya ni. Ó ga o! Ológbò tó wà níbẹ̀ gan-an máa ń jókòó gbọ́." Ó mu tíì. "Kapa, ojú rẹ ti wọnú. Lọ fẹ́ ọkọ."

Orin Ustinya. Mo mọ̀ ọ́n. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

23 Èrèlè

Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá mi. Mo ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo ní, "Nonna Vikentyevna, ẹ má bínú, ọmọ tí ẹ ń kọ́ yìí ń kọ́ ipa yín ní kọ̀rọ̀. Ó ń fara pamọ́ sẹ́yìn igi nígbà tí ẹ bá ń kọrin. Ẹ ṣọ́ra."

Ara rẹ̀ le. Mo rí i ní ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Kapa, iṣẹ́ tìẹ ni aṣọ. Dojú kọ aṣọ."

Mo dojú kọ aṣọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn gbé mi padà sí 1949. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà náà. Mo kọrin níwájú rẹ̀, mo fẹ́ kó gbà mí sí kíláàsì. Ó gbọ́ mi dé òpin, ó ní, "Ohùn rẹ mọ́, ọmọ mi, ṣùgbọ́n kò jìn. Mi ò ní tàn ẹ́." Mi ò bínú sí i. Mo ti ń sọ fún ara mi láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n pé mi ò bínú.

Ṣé torí ọ̀gá mi ni mo ṣe ń ṣọ́ ọmọ yìí, àbí torí pé wọ́n gbà á, wọn kò gbà mí? Mo kọ ìbéèrè náà sílẹ̀. Mi ò ní dáhùn rẹ̀ lónìí.

1 Ẹ̀rẹ̀nà

Mo ti kọ lẹ́tà kan.

Nílé iṣẹ́ wa, gbogbo ènìyàn ló ń kọ ọ́, kò sí ẹni tó ń fọwọ́ sí i. Ọ̀gá àgbà ilé eré ní dúrọ́ọ̀ kan fún wọn. Mo fi ọwọ́ òsì kọ ọ́ lórí tábìlì ìlọ̀ṣọ, lórí ìwé tí a fi ń wé kọ́là: pé akẹ́kọ̀ọ́ Lobova ń fara pamọ́ sẹ́yìn ìtàgé láìgbàṣẹ, pé ó ń jí ipa Zarubina kọ́, pé ó fẹ́ da ọjọ́ ìdágbére rẹ̀ rú. Mo parí rẹ̀ pé "Ẹni tó ń fẹ́ ire ilé eré wa." Mo jù ú sínú àpótí lẹ́tà ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, kí ó lè dà bíi pé ó ti ọ̀nà jíjìn wá.

Ó rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí.

8 Ẹ̀rẹ̀nà

Ọjọ́ àwọn obìnrin. Tasya mú òdòdó mìmósà wá fún mi, pẹ̀lú ọṣẹ olóòórùn kan. Mo ka ẹ̀ka òdòdó náà kí n tó dúpẹ́. Tó bá jẹ́ mẹ́rin tàbí mẹ́fà ni, ti òkú nìyẹn, ǹ bá ti rí i mú. Márùn-ún ni. Mo tún un kà.

"Àǹtí Kapa, ẹ ò fẹ́ràn rẹ̀ ni?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀. Lọ jókòó."

11 Ẹ̀rẹ̀nà

Lẹ́tà náà ti ṣiṣẹ́. Ọ̀gá àgbà, Gleb Ignatyevich, pe ọ̀gá mi sí ọ́fíìsì láàárọ̀. Kí ó tó di ọ̀sán, Fenya ti gba káàdì ìwọlé lọ́wọ́ Tasya. Kò gbọdọ̀ tẹ ẹ̀yìn ìtàgé mọ́ títí eré ìdágbére yóò fi kọjá. Ọmọ náà dúró sínú yìnyín níta láì de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀kùn.

Ọ̀gá mi wá sí yàrá aṣọ. Kò bínú, kò sunkún. Ó sún mọ́ mi, ó mí sínú, ó ní, "Kapa, káfúrà rẹ pọ̀ lọ́dún yìí." Ó sì jáde lọ.

Ó yẹ kí inú mi dùn.

14 Ẹ̀rẹ̀nà

Ìdánrawò pẹ̀lú gbogbo àwọn onílù àti onífèrè. Ìpín kẹta. Ó dé ibi àgbélébùú kìíní, ọ̀gá mi dákẹ́, ó fọwọ́ kan ọ̀fun. "Mò ń tọ́jú rẹ̀ dọjọ́ náà," ló sọ fún olùdarí orin. Ó dé èkejì, ó dákẹ́. Ẹ̀kẹta, ó dákẹ́. Ní ẹ̀karùn-ún, ó bojú wẹ̀yìn wo igi onípákó. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ojú tó fi wo igi yẹn, mi ò rí irú rẹ̀ rí lójú rẹ̀. Ó wo igi náà bí afọ́jú ṣe ń wá ọ̀pá rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́, mi ò mọ̀.

Kì í ṣe ohùn rẹ̀ ni mo sunkún lé lórí ní oṣù tó kọjá. Ti Tasya ni. Ohùn òkè ti kú lọ́fun ọ̀gá mi, ọmọ yẹn ló ń bá a kọ àwọn márùn-ún náà láti ẹ̀yìn igi, kí ayé má baà mọ̀. Èmi sì ti fi ọwọ́ òsì lé e dànù.

15 Ẹ̀rẹ̀nà

Ẹ̀pa kò bóró mọ́.

22 Ẹ̀rẹ̀nà

Mo lọ sí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Tasya ń bó ọ̀dùnkún nínú ilé ìdáná. Mo mú ọ̀bẹ kan, mo bá a bó o.

"Mo ti mọ ohun tí ò ń ṣe lẹ́yìn igi," mo ní.

Ọ̀bẹ rẹ̀ dúró. "Mi ò mọ ohun tí ẹ ń sọ."

"Bọ́tìnnì méje, Tasya."

Ó sọkún díẹ̀, ó fi apá nu imú. "Mo búra fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ. Ọdún méjì ni ohùn yẹn ti lọ. Kò bẹ̀ mí o! Ọjọ́ kan ní kíláàsì, ó gbìyànjú rẹ̀, kò jáde, ó yíjú sí fèrèsé. Mo kàn kọ ọ́ fún un látẹ̀yìn. Kò wẹ̀yìn. Ó ní, 'Tún un kọ.' Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

"Kí ló ṣèlérí fún ẹ?"

"Kí ló fẹ́ ṣèlérí? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo ti dé ìlú yìí nígbà tó bọ́ bàtà onírun ẹsẹ̀ rẹ̀ fún mi. Ó fi bàtà ìtàgé rìn lọ sílé." Ó ju ọ̀dùnkún sínú omi. "Ta ló tiẹ̀ lè kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, Àǹtí Kapa? Kí ni mo ṣe fún un?"

Mo ní mi ò mọ̀. Mo bó ọ̀dùnkún mẹ́fà míì, mo bó wọn nípọn, ìdajì ló bá èèpo lọ.

30 Ẹ̀rẹ̀nà

Mo dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì Gleb Ignatyevich lẹ́ẹ̀mẹta láti jẹ́wọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ó ní, "Kapitolina Yegorovna, kí lẹ fẹ́?" Mo ní mo fẹ́ wọn aṣọ fèrèsé rẹ̀. Mo sì wọ̀n ọ́n. Ojo ni mí.

Yìnyín orí odò Fólgà ti ń dúdú. Àwọn apẹja ṣì ń jókòó lé e.

5 Igbe

Mo ní ọgbọ́n kan. Obìnrin mẹ́rìnlélógún ló ń kọrin gẹ́gẹ́ bí ìyàwó àwọn atukọ̀ ní ìpín kẹta, gbogbo wọn nínú ìborùn kan náà. Aṣọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà lọ́wọ́ mi.

9 Igbe

Mo gbọdọ̀ kọ ọ́ kí n tó sùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ n ó máa rò pé mo lálàá ni.

Aago márùn-ún, mo mú Tasya gba ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbà kó aṣọ ìfọ̀ wọlé. Mo ti wé ìborùn fún un dé ìpéǹpéjú, mo gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ lé e lọ́wọ́. Fenya ló dúró níbẹ̀, ó ní afẹ́fẹ́ lòun ń gbà.

"Ta nìyí?"

"Akọrin. Ó pẹ́ dé."

Fenya wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Mo mọ gbogbo akọrin ilé yìí, kò sí èyí tí kò tíì bímọ nínú wọn. Ọmọdé ṣì ni èyí." Ó yíjú sí ògiri. "Ojú mi ti di bàìbàì. Ẹ kọjá kí òtútù má wọlé."

Ní yàrá ìmúra, mo ń di ìkọ́ ọ̀gá mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ tutù. Mo ní, "Kí ire má bá yín," bí a ṣe máa ń sọ kí ire lè báni. Ó yẹ kó rán mi lọ sọ́dọ̀ bìlísì, bí ìṣe wa. Kò sọ nǹkan kan. Mo sún mọ́ etí rẹ̀. "Ọmọ yẹn wà níbẹ̀. Ìyàwó atukọ̀ kẹta lápá òsì, lẹ́bàá igi."

Mo rí ojú rẹ̀ nínú dígí. Ó ní, "Lọ sọ́dọ̀ bìlísì, Kapa."

Ìpín kẹta. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, mo rí ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí Tasya lẹ́yìn rẹ̀. Ilé kún títí dé òkè. Ó ku díẹ̀ kí àgbélébùú kìíní dé, Tasya mí sínú. Ọ̀gá mi gbé ọwọ́ kan sẹ́yìn, ó ká ìka méjì mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló mọ àmì yẹn: dákẹ́. Ẹnu Tasya ṣí, kò sóhùn níbẹ̀. Ọ̀gá mi sì gba ìsàlẹ̀, ó yí orin náà wá sí ibi tí ohùn rẹ̀ ṣì wà. Olùdarí orin gbójú sókè, ó tẹ̀lé e. Èkejì bẹ́ẹ̀, ẹ̀kẹta bẹ́ẹ̀, ẹ̀kẹrin bẹ́ẹ̀. Àwọn tó mọ eré náà ti ń wo ara wọn.

Ẹ̀karùn-ún kò ní ìsàlẹ̀ tí ènìyàn lè gbà. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn, ìka méjì ká. Ó gòkè lọ fúnra rẹ̀. Ohùn náà tín-ín-rín bí òwú tí a fẹ́ fi bọ ojú abẹ́rẹ́. Ó gbọ̀n. Ó dé ibẹ̀. Ó já kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Ṣùgbọ́n òun ló ni ín.

Gbogbo ilé dìde dúró.

10 Igbe

Èyí ni mi ò lè kọ lánàá. Lẹ́yìn eré, òdòdó kún yàrá. Ọ̀gá mi lé gbogbo ènìyàn jáde àyàfi èmi.

"Ta ló mú ọmọ yẹn wọlé?"

"Èmi ni."

"Ta ló lé e jáde?"

"Èmi náà ni, Nonna Vikentyevna."

"Mo mọ̀." Ó ń fi òwú nu àtíkè ojú. "Gleb gbé lẹ́tà náà sí mi lọ́wọ́. Ó ń run káfúrà dé ẹnu ọ̀nà. Mo ń retí ọjọ́ tí wàá sọ ọ́. Ó pẹ́ o."

"Ẹ̀rù ọmọ náà ló ń bà mí. Mo rò pé ó fẹ́… Rárá. Ìlara ni."

Ó gbé òwú náà sílẹ̀. "Ká ní ó wà lẹ́yìn igi ní gbogbo oṣù tó kọjá, ǹ bá ti fi ohùn rẹ̀ dágbére. Ọjọ́ tí mo wo igi yẹn tí kò sẹ́nìkan ni ojú tì mí." Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí mi. "Má rò pé mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Bọ́ bàtà mi, ẹsẹ̀ ń ro mí. Bóyá n ó dárí jì ọ́, bóyá n kò ní í dárí jì ọ́, ọ̀rọ̀ tèmi nìyẹn. Ọmọ yẹn ńkọ́? O ti sọ fún un?"

16 Igbe

Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láàárọ̀. Gbogbo ìlú dúró létí odò. Mi ò lọ.

21 Igbe

Wọ́n ti lẹ orúkọ tuntun mọ́ ògiri: Lobova yóò dán Ustinya wò lẹ́yìn ìsinmi. Ọ̀gá mi ló lọ kanlẹ̀kùn Gleb Ignatyevich títí ó fi gbà.

Tasya wá wọ aṣọ wò. Mo ti mú ìbàdí náà wọlé padà ní ìka méjì, mo sì tún mú un wọlé ní mẹ́rin sí i. Lẹ́yìn ọrùn aṣọ náà, níbi tí a ń rán orúkọ sí, òwú "Zarubina, 1951" ti ń parẹ́. Mo ti rán "Lobova" sábẹ́ rẹ̀ kó tó dé, ọwọ́ ọ̀tún mi ni mo fi rán an.

Ó gbé aṣọ náà wọ̀, ó dojú kọ mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ láti ìdí dé ọrùn.

"Ẹ di mí, Àǹtí Kapa."

"Dúró ná," mo ní. "Èmi ni mo kọ lẹ́tà yẹn."

Ẹ̀rín rẹ̀ kò tètè lọ, bíi pé kò tíì gbọ́. Lẹ́yìn náà ó lọ. Ó wò mí, ó wo tábìlì ìlọ̀ṣọ, ó wo ìwé ìwékọ́là tó wà lórí rẹ̀. Mo rò pé yóò bọ́ aṣọ náà sílẹ̀ kó jáde. Mi ò ní dá a lẹ́bi. Ǹ bá ti bá a ṣílẹ̀kùn.

"Mo mú ọṣẹ wá fún yín," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Ẹ tiẹ̀ tún bá mi bó ọ̀dùnkún."

"Mo mọ̀, Tasya."

Mo gbọ́ bí ẹ̀rọ amúlégbóná ṣe ń lù nísàlẹ̀. Kò sọ pé òun dárí jì mí, kò sì sọ pé òun kò dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ di ìkọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, yàrá aṣọ yìí kò sì ní ẹlòmíràn. Ó kó irun rẹ̀ sókè, ó fi pẹ́ńsùlù pupa há a, ó sì yí ẹ̀yìn sí mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.